Magasíìnì: Àká Ta Ni, Kí Ni Ó Wà Nínú Rẹ̀?



Ìbéèrè kan ni ó bí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ. Ní ilé kéwú wa ní Anthony, ní ọjọ́ tí a ń pín ìwé ẹgbẹ́ wa fún àwọn ọmọ, ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Ààfáà, ẹ ní magasíìnì ni ìwé yìí. Àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n máa ń dúró ní ibùdókọ̀ náà ní magasíìnì, ara ìbọn wọn ni ó wà. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni?" Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí pé a kò ní èsì. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí yóò mọ̀ pé ìbéèrè tí ọmọdé fi ẹ̀rín bèèrè ni ó máa ń gba oorun lójú àgbàlagbà.

Nígbà tí a délé, a ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, a sì ṣí ti Lárúbáwá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí a bá níbẹ̀ ni ó mú wa mú kálàmù.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "magazine" yìí kì í ṣe ọmọ bíbí ilé wọn. Èdè Lárúbáwá ni ó bí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti fọwọ́ kan ìmọ̀ sarf mọ̀ pé lẹ́tà mẹ́ta ni ó sábà máa ń jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ Lárúbáwá. Khā, zāy àti nūn ni ti èyí. Khazana ni pé ẹnì kan kó nǹkan pamọ́. Ibi tí a kó o pamọ́ sí ni makhzan, bí ó bá ju méjì lọ, ó di makhāzin. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ibẹ̀ ni khāzin. Àpótí, kọ́bọ́ọ̀dù tàbí ilé tí a ń kó ìwé sí ni khizāna. Bí a bá ní kí á sọ makhzan ní Yorùbá tí àgbẹ̀ yóò gbọ́, àká ni, ibi tí bàbá wa ń kó àgbàdo àti èlùbọ́ sí de ìgbà ọ̀dá.

Gbòǹgbò yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ń ka Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé. Nínú Súrà Yúsúfù, ẹsẹ 55, Ànọ́bì Yúsúfù ní kí ọba Íjíbítì fi òun ṣe olórí àwọn àká ilẹ̀ náà. Nínú Súrà Al-Hijr, ẹsẹ 21, Ọlọ́hun fi yé wa pé kò sí ohun kan tí àká rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ Òun, ìwọ̀n tí Ó mọ̀ ni Ó sì fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nínú Súrà Az-Zumar, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iná àti ti àlùjánnà, orúkọ yìí kan náà ni a fi pè wọ́n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà síbẹ̀.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ tí ó ti inú kéwú jáde ṣe di ti òyìnbó? Ọjà ni ó gbé e lọ. Àwọn oníṣòwò Ítálì ń wá ra ọjà ní etíkun ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí, inú àwọn makhāzin ni ọjà náà sì wà. Wọ́n gbé ọjà lọ, wọ́n gbé orúkọ ilé ọjà náà pẹ̀lú. Lẹ́nu àwọn ará Ítálì ó di magazzino, lẹ́nu àwọn Faransé ó di magasin. Lọ́wọ́ Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á, ní nǹkan bí ọdún 1580 sí 1590. Àwọn ará Sípéènì àti Potogí kò dúró de Ítálì ní tiwọn. Àwọn Mùsùlùmí ti jọba ní Andalúsì láti ọdún 711 títí di 1492, nítorí náà ẹnu wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ, tòun ti "al" tí ó wà níwájú rẹ̀. Almacén ni Sípéènì ń pè é, Potogí ń pè é ní armazém.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó bá kọjá Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́ yóò rí "magasin" lára pátákó ilé ìtajà àti ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wà ní Kétu àti Pọ́bẹ̀ lọ́hùn-ún, kì í ṣe Kétu tiwa tí ó wà lẹ́bàá Mile 12, bí wọ́n bá gbọ́ "magasin", ìsọ̀ ni ọkàn wọn ń lọ sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ ra ìwé tí ń jáde lóṣooṣù, "magazine" ni wọn yóò bèèrè, nítorí pé Faransé tún padà lọ yá èyí lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ yá Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì wọ aṣọ mìíràn fún un, wọ́n sì tún lọ yá a padà bí ẹni pé wọn kò mọ̀ ọ́n rí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ya ẹ̀ka. Ilé ìkẹ́rùsí ni ẹ̀ka kìíní. Láìpẹ́, ẹrù tí ogun nílò ni wọ́n ń fi orúkọ náà pè jù: ibi tí ẹ̀tù ìbọn wà nínú odi ìlú, yàrá tí ẹ̀tù wà nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn jagunjagun. Nígbà tí wọ́n wá ṣe ìbọn tí ń yìn léraléra láìjẹ́ pé a ń kì í lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àpò kékeré tí ọta ìbọn ń dúró sí di magasíìnì pẹ̀lú. Àká ọta ni. Ìyẹn ni ọmọ wa rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ̀ka kejì ni ti ìwé. Àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì rí i pé a lè kó ìmọ̀ pamọ́ bí a ti ń kó ọkà. Ní ọdún 1669, ọ̀gá awakọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Samuel Sturmy tẹ ìwé ńlá kan jáde tí ó pè ní "The Mariner's Magazine". Ìṣirò àti ọgbọ́n títu ọkọ̀ ni ó kó sínú rẹ̀, kí atukọ̀ má baà máa wá a káàkiri. Ìwé kan ṣoṣo ni ìyẹn, kì í jáde lóṣooṣù. Ní ọdún 1731 ni Edward Cave bẹ̀rẹ̀ "The Gentleman's Magazine" ní Lọ́ńdọ̀nù. Èrò rẹ̀ kò le: ìwé ìròyìn pọ̀ nígboro, òní ni wọ́n ń kà á, ọ̀la ni wọ́n ń jù ú nù. Òun yóò ṣa ohun tí ó dára nínú wọn, yóò kó wọn jọ lóṣooṣù, kí wọn má baà ṣègbé. Ìdí nìyẹn tí ó fi pè é ní àká. Samuel Johnson, tí ó bá Cave ṣiṣẹ́, tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde ní ọdún 1755. Ilé ìkóhun-ìjà àti oúnjẹ pamọ́ sí ni ó kọ́kọ́ fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó wá fi kún un pé láìpẹ́ yìí ni àwọn ènìyàn ń fi pe ìwé tí ń jáde lóòrèkóòrè, láti ara ìwé Cave. Lónìí, ètò orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tí ó bá dá lórí oríṣiríṣi nǹkan náà ń jẹ́ magasíìnì.

Nítorí náà, ọmọ wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ṣùgbọ́n a fẹ́ kìlọ̀ níbí, nítorí pé a mọ bí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń dùn lẹ́nu oníwàásù. A ti jókòó níbi wàásù Ramọdaanu tí a ti gbọ́ pé gbogbo èdè òyìnbó ni a jí láti inú Lárúbáwá. Àwọn ènìyàn ké "Allahu Akbar", àwa náà bá wọn ké e, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. Òótọ́ ni pé áljẹ́brà wá láti inú al-jabr, tí al-Khwārizmī kọ ìwé lé lórí ní ọ̀rúndún kẹsàn-án. Òótọ́ ni pé orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe òwú ti inú quṭn jáde. Ṣúgà náà gba ọ̀dọ̀ Lárúbáwá kọjá, ṣùgbọ́n Lárúbáwá fúnra rẹ̀ yá a lọ́wọ́ àwọn ará Páṣíà, Páṣíà sì gbà á láti Íńdíà. Ẹni tí ó bá gun orí mínbárì kò gbọdọ̀ fi irọ́ gbé òtítọ́ ga. Òtítọ́ kò nílò rẹ̀. Bí ọ̀dọ́ kan bá lọ yẹ ìwé wò, tí ó bá irọ́ kan nínú ọ̀rọ̀ wa, mẹ́sàn-án tí ó jẹ́ òótọ́ kò ní wọ̀ ọ́ létí mọ́.

Àti pé, yíyá ọ̀rọ̀ kì í ṣe olè. Àwa Yorùbá náà yá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì gba ọwọ́ Hausa kọjá: àlàáfíà, wákàtí, sánmà, fìtílà. Ìyá tí ó ń ná alùbọ́sà ní ọjà Mile 12, yálà Mùsùlùmí ni tàbí Kìrìsítẹ́nì, kò rò pé òun ń pe al-baṣal. Alùbọ́sà rẹ̀ ni, ọbẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì fi sè. Àwọn Lárúbáwá fúnra wọn kò pe ìwé tí ń jáde lóṣooṣù ní makhzan. Majalla ni wọ́n ń pè é. Ní Mòrókò, bí o bá gbọ́ al-Makhzan, ìjọba ni wọ́n ń sọ, nítorí pé ọwọ́ ẹni tí ó ni ilé ìṣúra ni àṣẹ wà. Ọ̀rọ̀ a máa lọ, a sì máa jẹ́ ti ẹni tí ó bá ń lò ó.

Kí wá ni àǹfààní mímọ orírun rẹ̀? Àǹfààní ibẹ̀ ni pé orúkọ náà gbé ìbéèrè méjì lọ́wọ́ tí kò jẹ́ kí ẹni tí ń jẹ́ ẹ sinmi. Àkọ́kọ́, kí ni ó wà nínú àká yìí? Èkejì, ta ni ó ń ṣọ́ ọ?

Ní àdúgbò wa, a ti mọ ohun tí ìbéèrè kejì lè dá sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 2002, iná ràn dé ibi tí àwọn ṣọ́jà kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè wọn ní Ìkẹjà, tí kò jìnnà sí Anthony. Bọ́ǹbù ń dún léraléra, ilé ń mì tìtì, gíláàsì fèrèsé ń já lulẹ̀. A gbé àwọn ọmọ, a sáré jáde, a kò mọ ibi tí a ń sá lọ. Àwọn tí wọ́n kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe bọ́ǹbù ni ó pa wọ́n. Inú odò tí ó wà ní Òkè-Àfà ni wọ́n kó sí nínú òkùnkùn bí wọ́n ti ń sá, àwọn ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gágun tí ó wà níbẹ̀ sọ fún gbogbo ayé pé ilé ìpamọ́ náà ti pẹ́, wọ́n sì ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe kí jàǹbá náà tó ṣẹlẹ̀. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, magasíìnì ni irú ilé bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ burú tó, ṣùgbọ́n àìbójútó ni ó sọ ọ́ di ikú fún aládùúgbò.

Ẹ jẹ́ kí á wá kúrò ní àká ẹ̀tù, kí á padà sí àká ọ̀rọ̀, kí á yẹ tiwa wò. Orúkọ tí ìwé kan bá jẹ́ máa ń fi ohun tí ó fẹ́ ṣe hàn. Ní ọdún 1859, ní Abẹ́òkúta, Henry Townsend pe tirẹ̀ ní Ìwé Ìròhìn. Ìròhìn ni iṣẹ́ rẹ̀. Àtọ́ka, tí ń fi àwòrán sọ ìtàn àwọn eléré, fẹ́ kí á wo ohun tí òun ń nawọ́ sí. Aláròyé fẹ́ rojọ́ kí ó kún. Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá pe tirẹ̀ ní Olókun. Àwa Mùsùlùmí kò ní bá ẹnikẹ́ni bọ òkun, ṣùgbọ́n èrò inú orúkọ náà yé wa: ọrọ̀ wà nísàlẹ̀ omi, ẹni tí ó bá wá a ni yóò rí i. Èyí ni ó sún mọ́ àká jù. Bí a bá wá ní "ìwé àtìgbàdégbà", ìgbà tí ó ń jáde nìkan ni a sọ. A kò sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwa tí a pe tiwa ní magasíìnì ńkọ́? Ẹ mú ìwé ẹgbẹ́ àwa Mùsùlùmí èyíkéyìí, kí ẹ ṣí i. A kò yọ tiwa sílẹ̀. Alága ń rẹ́rìn-ín lójú ewé kìíní. Akọ̀wé ń kí alága kú oríire. Alhaji kan ti Mẹ́kà dé, wọ́n ń kí i. Alhaja kan ṣí ilé, wọ́n ń bá a dúpẹ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni wàásù kan yóò wá wà tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ ní òwúrọ̀ Jímọ̀ láì ra ìwé. A mọ̀ pé owó ìkíni yìí ni wọ́n fi ń san owó ìtẹ̀wé, a kò sì gàn án. Ṣùgbọ́n bí ọmọ wa bá ṣí i ní ogún ọdún sí i, kí ni yóò bá níbẹ̀ tí yóò jẹ?

A kò sọ pé kí á yọ àwòrán kúrò o. Àwòrán àwọn ààfáà àgbà níwájú mọ́ṣáláṣí jẹ́ ọrọ̀ ńlá, bí a bá kọ orúkọ wọn sábẹ́ rẹ̀, tí a kọ ọdún àti ibi tí a ti yà á. Bí a kò bá kọ ọ́, ojú lásán ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọkà àti ìyàngbò nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A sọ lẹ́ẹ̀kan pé khizāna ni ilé ìwé. Àwọn ará Timbuktu ní Málì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ju tiwa lọ. Ìdílé ni ó ń pa ìwé kéwú àfọwọ́kọ mọ́ níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Nígbà tí àwọn tí wọ́n gbé ìbọn gba ìlú náà ní ọdún 2012, àwọn olùtọ́jú ìwé àti àwọn ìdílé wọ̀nyí kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé sínú àpótí irin, wọ́n fi ọkọ̀ àti ọkọ̀ ojú omi gbé e yọ́ lọ sí Bamako. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, kí àwọn yẹn tó sá, wọ́n dáná sun díẹ̀ nínú èyí tí ó kù ní ilé ẹ̀kọ́ Ahmed Baba. Magasíìnì ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn kan, magasíìnì ìwé wà lórí àwọn kan. Àwọn tí wọ́n ru ìwé ni ayé ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lónìí.

Ilé tiwa ńkọ́? A óò sọ òótọ́. Bàbá wa jẹ́ ààfáà, ó sì ní àpótí igi kan tí ó kún fún ìwé. Ó fi lẹ́tà kéwú kọ Yorùbá: wákà tí wọ́n ń kọ nígbà ayé rẹ̀, ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ àdúgbò, ìjà ilẹ̀ àti bí wọ́n ṣe parí rẹ̀. Nígbà tí ó kú, àwa tí a ti lọ sí ilé ìwé òyìnbó ní kí wọ́n gbé àpótí náà sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ó ń gba àyè. Òjò wọ̀ ọ́. Ikán wọ̀ ọ́. Èyí tí ikán kò jẹ, alákàrà ń gbà á fi dì. Kò sí ẹni tí ó jí i, kò sí ẹni tí ó dáná sun ún. Àwa ọmọ ni a kò ṣọ́ ọ. Ewé kan ṣoṣo ni ó kù lọ́wọ́ wa: orúkọ àwọn tí wọ́n dá owó kọ́ mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ẹni tí ó dá ṣílè márùn-ún, ẹni tí ó dá ṣílè méjì, obìnrin kan tí kò ní owó tí ó ń pọn omi fún àwọn tí ń po yẹ̀ẹ̀pẹ̀. Mọ́ṣáláṣí náà wà níbẹ̀ lónìí, àwọn ọmọ ọmọ obìnrin náà ń kírun nínú rẹ̀, wọn kò mọ̀. Ọdún púpọ̀ ni a ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń yí khazana sí oríṣiríṣi, tí a kò sì lè ṣe é nínú ilé bàbá wa.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ Ànọ́bì Yúsúfù bí a ti ṣe ìlérí. Nígbà tí ó bèèrè fún iṣẹ́ àká, kò sọ pé òun lẹ́wà, bẹ́ẹ̀ ó lẹ́wà. Kò sọ pé ọmọ Ànọ́bì ni òun, bẹ́ẹ̀ ọmọ Ànọ́bì ni. Ohun méjì ni ó sọ nípa ara rẹ̀: hafīẓ, ẹni tí ó lè ṣọ́ nǹkan, àti ‘alīm, ẹni tí ó ní ìmọ̀. Ìṣọ́ láìsí ìmọ̀ yóò máa ṣọ́ ìyàngbò. Ìmọ̀ láìsí ìṣọ́ ni ti wa lórí àpótí bàbá wa. Àwọn méjèèjì ni ó bọ́ Íjíbítì nígbà ọ̀dá.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí a gbé fún ọmọ tí ó béèrè náà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyí, a sì gbé e fún gbogbo ọ̀dọ́ tí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí. Kí ẹ tó wá sí ilé kéwú ní Sátidé tí ń bọ̀, ẹ lọ bá ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà kan nínú ilé yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ wákà kan fún yín, tàbí kí wọ́n sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ pe ìrun ní àdúgbò yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá tàbí ní lẹ́tà kéwú. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, ẹ kọ ọjọ́ àti ọdún. Ẹ mú un wá. Ẹ̀yin òbí, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti ọ̀ọ̀dẹ̀ ẹ̀yìn yín kí òjò tó dé.

Kí Ọlọ́hun, Ẹni tí àká sánmà àti ilẹ̀ wà lọ́wọ́ Rẹ̀, fi wá ṣe ẹni tí ó mọ ohun tí à á ṣọ́, tí ó sì lè ṣọ́ ohun tí ó mọ̀. Àmín.